Ìwé Shakespeare tí wọ́n kọ 1623 sí: ṣé mo ti di olówó ni, àbí àtúntẹ̀ lásán ni?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Coventry ni mò ń gbé. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà nílé kí n tó wá ṣe nọ́ọ̀sì níbí, ìfẹ́ Chaucer àti Shakespeare ò sì kúrò lára mi. Lóṣù tó kọjá mo ra ìwé Shakespeare gbàǹgbà kan ní charity shop, pọ́n-ùn 35. Àwòrán ẹ̀ wà níbẹ̀, 1623 ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà, àwọn ewé kan ti ya kúrò níwájú, nọ́ńbà kéékèèké sì wà létí gbogbo ojú ewé. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé mílíọ̀nù ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àtijọ́, kò tíì ṣí i dé àárín tó fi ní 'reprint ni, kò níye lórí'. Ó dùn mí o. Ṣé òótọ́ ni pé àtúntẹ̀ ò wúlò? Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ jọ, ṣé ojúlówó ni kí n máa wá àbí àtúntẹ̀? Mo sì fẹ́ kó wọn lọ sílé wa n'Íbàdàn tó bá yá."

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé, ẹ sì pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tàwé àtijọ́ rí ló mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí, wọ́n á wò ó fìrí, wọ́n á sọ gbólóhùn kan, ó parí nìyẹn. Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni, ìdajì tó gbé mì gan-an lẹ wá ń bi mí. Ọ̀rẹ́ ọkọ yín ti fi mílíọ̀nù sí yín lọ́kàn, ọlọ́jà ìwé ti sọ ọ́ di òdo, ẹ wá wà láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú ìwé tó wúwo bí odó. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí òwò yìí, páálí ìwé ni mo kọ́kọ́ ń bá bàbá arúgbó kan gbé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ń rà tí mo ń tà fúnra mi, mo ti jèrè níbẹ̀, mo sì ti jẹ gbèsè níbẹ̀, torí náà ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Mi ò tíì fojú rí i, àmọ́ nọ́ńbà kéékèèké tẹ́ ẹ ní ó wà létí ojú ewé yẹn ló tú àṣírí ẹ̀ fún mi. Lọ́dún 1623, kò sẹ́ni tó ń fi nọ́ńbà sí ìlà eré Shakespeare. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charlton Hinman ló ṣe é, ó ka ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin láìdúró níbi tí ìran kan ti parí tí òmíì ti bẹ̀rẹ̀, inú ìwé tí iléeṣẹ́ Norton gbé jáde lọ́dún 1968 ni nọ́ńbà yẹn ti jáde. Wọ́n tún un tẹ̀ lọ́dún 1996, Peter Blayney ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun sí ìyẹn. Ewé tó ní orúkọ Norton àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, iwájú pátápátá ló máa ń wà, ibẹ̀ náà lẹ sì ní ó ti ya. Ó lè jẹ́ ọmọdé ló fà á ya, ó lè jẹ́ ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kọ́jọ́ orí ìwé náà má bàa hàn, mi ò lè búra lórí ìyẹn. Èyí tó kù, tó ní àwòrán àti 1623 lábẹ́ ẹ̀, fọ́tò ojú ewé àtijọ́ ni. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ rú àwọn èèyàn lójú nìyẹn: ọdún tẹ́ ẹ rí lójú ìwé, ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ló ń sọ, kì í sọ ọjọ́ orí bébà tẹ́ ẹ dì mú.

Àmọ́ ẹ má fi ọ̀rẹ́ ọkọ yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ojúlówó ìwé 1623 yẹn, tí wọ́n ń pè ní First Folio, nǹkan bí 235 ló ṣẹ́ kù láyé, 82 nínú wọn wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, ní Folger Shakespeare Library ní Washington, èyí tí wọ́n sì tà ní gbàǹjo Christie's ní New York lọ́dún 2020 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 10 dọ́là. Torí náà mílíọ̀nù tó sọ, kì í ṣe àbùmọ́. Ewé tó ya níwájú pàápàá, òun náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ìwé kì í ṣe ojúlówó. Lọ́dún 2014 ní Saint-Omer nílẹ̀ Faransé, wọ́n rí First Folio kan nínú ilé ìkàwé ìlú, ó ti pẹ́ gan-an tó ti wà níbẹ̀, àwọn ewé iwájú ẹ̀ ló ti sọnù, wọ́n wá rò pé Shakespeare kan tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Lọ́dún 2016 òmíì tún yọjú ní Mount Stuart ní erékùṣù Bute ní Scotland. Ẹ wá rí i pé ewé tó ya ti sọ olówó iyebíye di yẹpẹrẹ rí, ó sì lè sọ yẹpẹrẹ di olówó iyebíye lójú ẹni tí kò mọ̀.

Kẹ́ ẹ má bàa fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi lásán ṣe, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹ pa iná yàrá, ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì náà láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa sáré lórí bébà. Àwòrán Shakespeare yẹn, Martin Droeshout ló fín in sórí irin bàbà, bí wọ́n ṣe máa ń tẹ irú ẹ̀ ni pé wọ́n á fi ẹ̀rọ lílágbára tẹ irin náà mọ́ bébà tútù, kò sí bí etí irin yẹn ò ṣe ní jìn wọnú bébà, bíi ìgbà téèyàn fi etí àwo tẹ fùfú. Tó bá jẹ́ fọ́tò ni, ibẹ̀ máa tẹ́jú pẹrẹsẹ. Lẹ́tà náà bẹ́ẹ̀, ti àtijọ́ máa ń jẹ bébà, tẹ́ ẹ bá yí ewé sẹ́yìn ẹ ẹ́ rí i tó ń wú, ti fọ́tò ò ní wú. Ẹ tún gbé ewé kan sókè kí iná gba inú ẹ̀ kọjá. Bébà ayé ìgbà yẹn, àkísà aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á gún un títí á fi dà bí ògì, wọ́n á wá fi férémù oníwáyà tó dà bí asẹ́ gbọ́n ọn, omi á jò dànù, èyí tó kù lórí asẹ́ yẹn ni bébà, ipa wáyà náà ló sì máa hàn bí ìlà tẹ́ ẹ bá gbé e síná, nígbà míì ẹ ẹ́ tún rí àwòrán ìkòkò tàbí adé tàbí èso àjàrà nínú ẹ̀, àmì iléeṣẹ́ tó ṣe bébà nìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1757 ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà tí kò ní ìlà wáyà kọ́kọ́ gbajúmọ̀, nígbà tí Baskerville, òǹtẹ̀wé kan ní Birmingham, tẹ ìwé Virgil, akéwì Róòmù àtijọ́, nítorí náà ìwé tó pe ara ẹ̀ ní 1623 tí kò ní ìlà kankan nínú bébà, ẹ tiẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá ní ìlà, ẹ má tíì fò sókè, torí àwọn tó ń ṣe àwòṣe, ìyẹn àtúntẹ̀ tó jọ ti àtijọ́ gẹ́lẹ́, gbọ́n, àwọn míì mọ̀ọ́mọ̀ ra bébà onílà.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ìdí tí ìwé pọ́n-ùn 35 yín fi wù mí, torí ibí ni ọlọ́jà ìwé yẹn ti ṣì í. Nígbà tí wọ́n ń tẹ First Folio lọ́wọ́, wọ́n ń ṣàtúnṣe bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Ẹnì kan á mú ewé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á kà á, á rí i pé wọ́n ti ṣi lẹ́tà tò, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á tún un tò, wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ, àmọ́ bébà wọ́n nígbà yẹn, wọn ò ní ju èyí tí àṣìṣe wà nínú ẹ̀ nù, wọ́n á kó o pọ̀ mọ́ èyí tó dáa. Nígbà tí wọ́n bá wá ń to ewé jọ di ìwé, ìwé kan lè mú ewé tó dáa níbí, kó mú ewé aláṣìṣe lọ́hùn-ún, ohun tó jáde ni pé kò sí First Folio méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀. Hinman ló jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ní Folger fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ní dígí àti iná, ẹ ẹ́ gbé ewé kan náà látinú ìwé méjì sí i, iná á máa tàn síbí á máa tàn sọ́hùn-ún, ibi tí méjèèjì ò ti bára mu á máa mì bí ẹni pé ó ń jó. Nígbà tó wá fẹ́ ṣe ìwé Norton yìí, kò ya fọ́tò First Folio kan ṣoṣo, ńṣe ló ṣa ewé tó mọ́ jù tí àtúnṣe ẹ̀ sì pé jù látinú nǹkan bí 30 lára àwọn tó wà ní Folger. Nítorí náà èyí tó wà lórí tábìlì yín jẹ́ First Folio kan tí kò sí rí, kò sí ẹni tó rà á lọ́dún 1623, olówó tó san mílíọ̀nù 10 dọ́là gan-an ò ní irú ẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ ka Shakespeare bí àwọn ará ìgbà yẹn ṣe tẹ̀ ẹ́, tiyín ló dáa jù. Ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ẹ́ wá bi mí pé kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí Hinman ṣe àti jìbìtì. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ wo mọ́tò tòkunbọ̀ ná: ẹ́ńjìnnì látinú mọ́tò kan, jíà látinú òmíì, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan látinú ìkẹta, tí mẹkáníìkì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín tẹ́ ẹ sì san owó tó yẹ ẹ́, kò sí ìjà. Tó bá wá kùn ún lọ́dà tó ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ti wá, ìjà dé. Ìwé àtijọ́ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ̀ pọ̀ jọjọ. Àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìjelòó ò fẹ́ràn ìwé tí ewé ẹ̀ ò pé, wọ́n á ní kí wọ́n fi ewé ìwé míì dí i, tí kò bá sí, wọ́n á ní kí ẹnì kan fọwọ́ ya àwòrán ewé náà bíi ti àtijọ́. John Harris tó ń ṣiṣẹ́ yẹn fún British Museum mọ̀ ọ́n débi pé àwọn tó gbéṣẹ́ fún un pàápàá ò dá iṣẹ́ ẹ̀ mọ̀ mọ́, wọ́n wá ní kó máa fi àmì ara ẹ̀ sí i. Ti Harris mọ́, ó ṣe é ní gbangba. Ti Thomas J. Wise ni kò mọ́. Gbajúmọ̀ ni Wise láàárín àwọn tó ń kó ìwé jọ, àwọn èèyàn máa ń lọ bi í bóyá ojúlówó ni ìwé àwọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun fúnra ẹ̀ ló ń tẹ àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń fi ọdún àtijọ́ sí. Lọ́dún 1934, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó ń ta ìwé, John Carter àti Graham Pollard, wo bébà àwọn ìwé náà, wọ́n rí i pé ìwé tó ní ọdún 1847 lòun jáde, bébà tó wà lára ẹ̀ ò tíì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. Wise kú lọ́dún 1937, British Museum sì ra ibi ìkówèésí ẹ̀. Ọdún 1959 ni David Foxon wá tẹ ẹ̀rí jáde pé Wise ti máa ń já ewé kúrò nínú àwọn ìwé eré àtijọ́ tó wà ní British Museum fúnra wọn, tó ń fi dí ihò inú ìwé tiẹ̀ àtàwọn tó ń tà fún ará Amẹ́ríkà kan. Ẹ wò ó, wọ́n ti sanwó ra ewé ara wọn padà láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ ewé tó ya tún mú mi rántí First Folio ti Yunifásítì Durham, wọ́n jí i lọ́dún 1998, ó di 2008 kí ọkùnrin kan tó gbé e wọ Folger, ó ní Kúbà lòun ti rí i, wọ́n ti já èèpo ẹ̀ àtàwọn ewé tó lè tú àṣírí ẹ̀ kúrò. Àmọ́ ìwé àtijọ́ ní ojú àpá tiẹ̀, àwọn amòye wọn ín, wọ́n yẹ ara ẹ̀ wò, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n lọ́dún 2010 torí pé ó gba ẹrù olè. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bi ẹni tó ń tà mí níwèé pé ọwọ́ ta ló ti wá, tó bá ti ń yí mi lẹ́nu, mo ń bá tèmi lọ.

Ó kù tí ẹ ní ṣé ojúlówó ni kẹ́ ẹ máa wá. Àbúrò mi, nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ojúlówó yẹn ò rọrùn bó ṣe dún lẹ́nu. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kọ Canterbury Tales, kú lọ́dún 1400, Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò tẹ ìwé náà títí di nǹkan bí 1476 sí 1477. Ẹyọ kan ìyẹn tí wọ́n tà lọ́dún 1998 gba mílíọ̀nù 4.6 pọ́n-ùn, síbẹ̀ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà ti kú fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún kó tó di títẹ̀. Sir Gawain, ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, ìwé àfọwọ́kọ kan péré lókè eèpẹ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, British Library ló wà, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ títí di 1839 tí Frederic Madden tẹ̀ ẹ́ fún ẹgbẹ́ kan ní Scotland. Nítorí náà bí ẹ bá ń wá ojúlówó Gawain, kò sí lọ́jà, kò sì lè sí láé, àtúntẹ̀ ni gbogbo èyí tó kù. Láti 1864 wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí i kà, ọdún yẹn ni Frederick Furnivall dá Early English Text Society sílẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó padà di Oxford English Dictionary nílò ọ̀rọ̀ àtijọ́, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì wà ní títìpa nínú ìwé àfọwọ́kọ. Gíní kan lọ́dún lẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ ń san, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ṣílè kan, wọ́n á máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Furnivall yìí, iná ni, òun náà ló dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ ní Hammersmith lọ́dún 1896, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n kọ E.E.T.S., ìyẹn orúkọ ẹgbẹ́ Furnivall ní kúkúrú, sí lẹ́yìn ní charity shop, ẹ má fi sílẹ̀.

Ìwé ẹgbẹ́ yẹn náà sì ti di títúntẹ̀. Iléeṣẹ́ Kraus ní Amẹ́ríkà ya fọ́tò ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n tún wọn tẹ̀ láwọn ọdún 1970, àwọn tó ń tàwé á ní "Kraus ni o" bí ẹni pé àrùn ni. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kan náà ni. Nígbà míì, àtúntẹ̀ tiẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé àfọwọ́kọ Beowulf, ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ míì, gbiná etí lọ́dún 1731 nígbà tí ilé tí wọ́n kó àwọn ìwé tí Robert Cotton kó jọ sí jó, láti ìgbà yẹn letí ẹ̀ ti ń fọ́ dànù. Lọ́dún 1882, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Zupitza tẹ fọ́tò ẹ̀ fún ẹgbẹ́ Furnivall, ojú ewé kan fọ́tò, ojú ewé kejì ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n máa tún un tẹ̀ lọ́dún 1959, Norman Davis lo fọ́tò tuntun tó mọ́lẹ̀ ju ti 1882 lọ. Mo ní méjèèjì. Ti 1882 wà nínú páálí, ti 1959 ni mo ń kà.

Èyí tí mo máa ń sá fún ni èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lónìí bí ẹnì kan bá ṣe ń bèèrè. Mo ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, àkójọ eré àtijọ́ ni, fọ́tò èèpo ẹ̀ rẹwà bí ìyàwó ọjọ́ kìíní. Nígbà tó dé, ìka ẹni tó ń ya fọ́tò wà lójú ewé kan, ìlà tó kẹ́yìn ò sí lójú ewé bíi mẹ́fà, ewé ńlá tó yẹ kó tú sílẹ̀, kíká ni wọ́n ká a tí wọ́n fi yà á, wọ́n sì tún fi àwòrán obìnrin kan tí kò kàn án sí iwájú. Mo dá a padà, wọ́n ní àwọn ò gba padà. Ìwé kan náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà pọ́n-ùn 22 tí mo san, ìka ọwọ́ yẹn ni mo fi rà.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, pẹ̀lú owó nọ́ọ̀sì àti háúsì rẹ́ǹtì, àtúntẹ̀ tó dáa ni màá fi kún ilé: E.E.T.S., àwọn àwòṣe tí Scolar Press ní Menston ní Yorkshire ṣe láwọn ọdún 1960 àti 1970, àti Norton yín yẹn. Màá wá ra ojúlówó ẹyọ kan péré kí ọwọ́ mi lè mọ bí bébà àtijọ́ ṣe máa ń rí, torí fọ́tò ò lè kọ́ọ̀yàn ní ìyẹn. Kò ní jẹ́ Caxton o. Chaucer ti 1687 dáa, lẹ́tà dúdú alágbára bíi ti Bíbélì ayé ijọ́un ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, òun sì ni Chaucer ńlá onílẹ́tà dúdú tó kẹ́yìn nínú àwọn ti àtijọ́, tí ewé díẹ̀ ò bá sí nínú ẹ̀ owó ẹ̀ á já wálẹ̀ gan-an. Tí ìyẹn bá ṣì ju agbára lọ, ẹ wá ìdìpọ̀ kan tó ti ya kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, bíi ti eré àtijọ́ tí Dodsley, ọlọ́jà ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lọ́dún 1744, ìdìpọ̀ 12 ni, ẹyọ kan nínú wọn kì í wọ́n. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra ewé kan ṣoṣo tí wọ́n já látinú ìwé, wọ́n á tiẹ̀ ti fi sí férémù. Tó bá jẹ́ pé ìwé náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe tẹ́lẹ̀, mi ò bá wọn jà, àmọ́ mo mọ àwọn tó ń gbé ìwé tó pé, tí wọ́n ń tú u ní ewé kọ̀ọ̀kan torí owó, bí ẹni gé agbádá sányán bàbá ẹ̀ tó ń tà á ní ọ̀pá ọ̀pá. Mi ò kì í rà lọ́wọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá sì ń rò pé ẹ ẹ́ fi ìwé jèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú ọkàn kúrò, ẹni tó tà á fún yín ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lónìí, tẹ́ ẹ bá gbé e padà lọ́la, á fún yín ní 50, tínú ẹ̀ bá dùn ni o. Síbẹ̀ àtúntẹ̀ ti sọ àwọn míì dọlọ́rọ̀: Chaucer tí William Morris tẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ẹ̀ tó ń jẹ́ Kelmscott Press lọ́dún 1896, 425 péré ló tẹ̀ sórí bébà, 13 sórí awọ, àtúntẹ̀ ni láti òkè délẹ̀, owó ẹ̀ lónìí sì ju ti 1687 tó fi igba ọdún jù ú lọ.

Ti Ìbàdàn ni mo ní iyèméjì sí, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé ìwé 1687 lè fara da nǹkan ju ìwé 1890 lọ. Àkísà ọ̀gbọ̀ yẹn lágbára, wọ́n sì máa ń ri bébà náà sínú omi awọ ẹran tí wọ́n ti sè títí tó fi ń fà, ẹni tó bá ti se pọ̀nmọ́ rí mọ omi tí mò ń sọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí tàdáwà má fọ́n, tí ewé fi ń le kankan. Nígbà tó di bíi 1850 sókè, igi ni wọ́n ń lọ̀ ṣe bébà, álọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ẹ̀, ásíìdì wà nínú ẹ̀, bó bá ti ń pẹ́ ló ń pọ́n tó ń rún. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń mú kí ìyẹn yára. Ní ìgbà òjò, ìwé aláwọ á bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin, nígbà ọyẹ́ awọ kan náà á gbẹ á sán, ikán ò sì ní bèèrè pé Chaucer ni àbí ìwé owó iná. Ẹ máa gbọ́ pé kẹ́ ẹ fi ẹ́sì sí yàrá náà, àmọ́ tí NEPA bá ń mú iná lọ tó ń mú un bọ̀, tútù wàrà gbígbóná wàrà, ìyẹn burú fún ìwé ju ooru tó dúró sójú kan lọ. Ẹ má sì wé e sínú nylon, ọ̀rinrin inú ẹ̀ ò ní ríbi jáde. Àwọn àtúntẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó lọ sílé, sórí ṣẹ́ẹ̀fù irin tó jìnnà sí ògiri ìta, tó bá bàjẹ́ ẹ ẹ́ rí òmíì rà. Ojúlówó ẹyọ kan yẹn, ẹ jẹ́ kó wà ní Coventry.

Kí n fi ààlà sí ọ̀rọ̀ mi o. Mi ò kì í ṣe ẹni tó ń tún ìwé ṣe, tí awọ bá ti ń rún lọ́wọ́ yín bí ìyẹ̀fun pupa, ẹ má fi ọ̀rá pa á nítorí pé ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Mi ò sì lè fi fọ́tò WhatsApp búra fún ìwé kankan, títí kan tiyín. Nọ́ńbà etí ìwé yẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú tó báyìí. Ẹ lọ wo iwájú ẹ̀ dáadáa níbi tó ti ya, tí ìdí ewé bá ṣẹ́ kù mọ́ okùn, ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kankan wà lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí orúkọ Blayney, ti 1996 ni, tí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti 1968. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí àwòrán Shakespeare yẹn láti ẹ̀gbẹ́ bí mo ṣe wí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ n gbọ́ ohun tẹ́ ẹ rí.